Orúkọ Lára Ilẹ̀kùn Peugeot

Montbéliard, ilẹ̀ Faransé
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù àlékùn o. Èmi Kadidja ọmọ yín ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyá mi ńkọ́? Karim àbúrò mi ńkọ́? Ojú yín ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kò burú. Karim ti sọ fún mi pé ẹ tún fi orúnkún gbá ọkọ̀ inú àgbàlá yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ bá mi mójú kúrò lára àṣìṣe Yorùbá mi náà. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní gba lẹ́tà Faransé lọ́wọ́ ọmọ yín, bẹ́ẹ̀ Abidjan lẹ bí mi sí, Faransé ni wọ́n sì fi nà mí nílé-ìwé.

Torí ọkọ̀ yẹn gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe níbí, ilé làwọn aláìsàn wà, èmi ni mò ń lọ bá wọn. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ní kí n máa lọ di egbò ẹsẹ̀ fún bàbá kan tó ń jẹ́ Christophe Perrenot. Mo wọlé, mo gbójú sókè, mo rí fọ́tò lára ògiri: Peugeot 504 pupa kan, ẹrẹ̀ bò ó dé fèrèsé, wọ́n kọ 31 sára ilẹ̀kùn ẹ̀, òyìnbó kan dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá, báńdéèjì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ọkọ̀ bàbá mi rèé!" Ó ní rárá o, ọkọ̀ bàbá tòun ni, òun ló fi sá eré ìje ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bandama nígbà tó ń gbin kọfí ní Côte d'Ivoire. Bí mo ṣe mọ̀ pé ọmọ Msiyé Perrenot yín tó fún yín lọ́kọ̀ nìyẹn.

Inú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi mú mi lọ sí ilé ńlá tí wọ́n kó Peugeot àtijọ́ jọ sí ní Sochaux, kò jìnnà sílé mi. Ẹ ò ní gbà gbọ́: ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Ayùn ni wọ́n ń ṣe, àti ọlọ kékeré tí wọ́n fi ń lọ kọfí, tí wọ́n fi ń lọ ata gbígbẹ. Kìnnìún tó wà níwájú ọkọ̀ yín yẹn, ara ayùn ló ti wá. Wọ́n ń fi polówó pé eyín ayùn àwọn le bí eyín kìnnìún.

Christophe fẹ́ gba ọkọ̀ náà, Bàbá. Ó ní kí Karim gbé e lọ sí Port, kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá, òun á tún un ṣe, òun á sì gbé e síbi tí òjò ò ní pa á. Karim ní alángbá ló ń gbé inú ẹ̀ báyìí, pé bí kì í bá ṣe tiyín ni, òun ì bá ti wọ́ ọ lọ sí la casse ní Adjamé níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tà. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Àgbàlá á gbòòrò, orúnkún yín á sinmi.

Ọmọ yín,
Kadidja

*

Treichville, Abidjan
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹta, 2024

Kadidja, Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Wàáléékù múṣàláámù. Tawakalitou ọmọ àbúrò mi ló ń bá mi kọ ọ́. Bingerville tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ló ti wá, tòun ti ààwẹ̀ lẹ́nu. Mo ní kó má pè ọ́ lórí fóònù o. Ọ̀rọ̀ fóònù, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Tó bá kọ ọ́ tán, kó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́.

Ara wa le. Ìyá rẹ ní o béèrè ojú mi, o ò béèrè ẹ̀yìn tó ń dun òun. Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ yanjú ìyẹn.

Ọkọ̀ mi ò lọ síbì kankan. Tawa, kọ ìyẹn gàdàgbà. Ọkọ̀ mi ò lọ síbì kankan.

Ta ló sọ fún ọ pé ó ti kú? Mo ti tú kàbúrétọ̀ ẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́, ó sì ti ń wúkọ́. Ohun tó bá ń wúkọ́ á sọ̀rọ̀ láìpẹ́. Àti pé ẹni tó ń ṣe ọlọ ata ló ṣe ọkọ̀ mi? Háà, abájọ! Abájọ tó fi lọ gbogbo òkúta ọ̀nà Bouaké mọ́lẹ̀ tí eyín ẹ̀ ò ká. Bá mi kí àwọn ìdílé náà.

O ò mọ ìtàn ọkọ̀ yìí tán, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí, ìwọ àti Karim á máa wo ojú ara yín. Ó dáa, o ti wá nílùú tí o ò ti lè sá kúrò nídìí lẹ́tà. Ó ti tó àádọ́ta ọdún. Mo ti gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi Mìkáílù, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó kù ń tajà ní Adjamé, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń ti ilé wá sí Abidjan wá fọwọ́ pa ọ́ìlì dúdú. Perrenot wá bá ọ̀gá mi, ó lóun fẹ́ mẹkáníìkì tí kò ní sùn lójú ọ̀nà. Ọ̀gá na ìka sí mi. Ẹ̀yìn Peugeot quatre cent quatre, ìyẹn 404, tí wọ́n fi tapólì bò ni mo jókòó sí, èmi àti táyà àti sípánà, à ń tẹ̀ lé cinq cent quatre pupa yẹn, 504 ti Perrenot, nínú ẹrẹ̀ àti igbó. Ọkọ̀ tó gbéra pọ̀ jáǹrẹrẹ. Èyí tó dé ò tó nǹkan. A wà lára àwọn tó dé.

Orúkọ Perrenot wà lára ilẹ̀kùn, orúkọ ẹni tó ń ka máàpù fún un wà níbẹ̀. Mo ní, "Msiyé, tèmi ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àyè ò sí mọ́. Àyè ò sí! Lára ilẹ̀kùn tó gbòòrò tó yẹn. Nígbà tó ń padà sílùú wọn, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìwọ lo mọ inú ẹ̀." Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ò sí níbẹ̀ títí dòní.

Ní oṣù Kejìlá tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ onímọ́tò àtijọ́ kan tó ní ọ́fíìsì ní Plateau fẹ́ kó àwọn ọkọ̀ gba ọ̀nà àtijọ́ lọ sí Yamoussoukro. Mo wọ bateau-bus gba orí omi lọ bá wọn. Wọ́n ní ọkọ̀ tó bá sá Bandama lóòótọ́, tí ẹ̀rí wà, iwájú ló máa wà, wọ́n á kọ nọ́ńbà ẹ̀ àti orúkọ àwọn tó ni ín sára ilẹ̀kùn. Èyí tí kò bá ní ẹ̀rí, kó dúró sẹ́bàá ọ̀nà kó máa wòran. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ti ìwé wọn.

Orúkọ mi ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn yẹn. Mo ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, mi ò tọrọ nǹkan mìíràn. Sọ fún ọmọ Perrenot kó fún wa ní fọ́tò àti ìwé tó bá ní. Kí o sì wo ìsàlẹ̀ fọ́tò yẹn dáadáa. Ṣé o rí ẹsẹ̀ ẹnìkan tó yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀? Èmi ni.

Bàbá rẹ,
Àrìmíyàù

(Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Tawa rèé. Bàbá ní kí n tún fi "kò lọ síbì kankan" sí ìparí. Mo ní ó ti tó. Ó ní kò tó.)

*

Montbéliard
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ẹ kú ìnáwó. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé kí ẹ̀yìn wọn má bínú sí mi, mo ti fi òróró ìpara ránṣẹ́.

Mo rí ẹsẹ̀ náà! Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún yín tó wọ́ yẹn ni, tó yọ lójú sálúbàtà bó ṣe ń yọ títí dòní. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Christophe wò ó, ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ní ẹsẹ̀ kì í ṣe orúkọ. Ó ní ẹsẹ̀ yẹn fi hàn pé ẹ bá bàbá òun ṣiṣẹ́. Kò fi hàn pé ọkọ̀ àgbàlá yín ni ọkọ̀ inú fọ́tò. Bàbá ẹ̀ sọ fún un kó tó kú pé òun ta ọkọ̀ pupa náà sí Bouaké, pé wọ́n ti tú u sí wẹ́wẹ́. Ó wá ní kí n wo àwo nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ kàn mọ́ ara irin. Karim wò ó, ó ní afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti jẹ ẹ́, ojú ìṣó nìkan ló kù.

Bàbá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ṣé ó dá yín lójú pé ọkọ̀ yẹn gan-an ni? Ó ti pẹ́. Ó lè jẹ́ òmíràn ló fún yín, kí ọpọlọ sì ti pa méjèèjì pọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ ti Plateau fẹ́ fọ́tò inú ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Karim fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, mo sì rí i pé tírà kún abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì fọ́fọ́, ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ààbò ni àwọn àgbà ń wá. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará Plateau bá rí i, gris-gris ni wọ́n máa pè é, ìyẹn oògùn, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi yín rín, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mo ti ní kí Karim fi bébà oníyanrìn pá a, kó kùn ún dáadáa kó tó ya fọ́tò. Ẹ kàn máa bá a dán ni.

Ọmọ yín,
Kadidja

*

Montbéliard
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Oṣù kan rèé, mi ò rí èsì. Ṣé lẹ́tà mi dé? Mo pe Karim, kò gbé e. Mo pe Màmá, wọ́n gbé e, wọ́n ní, "Bi ara rẹ léèrè," wọ́n sì pa á. Kí ni mo ṣe? Bó bá jẹ́ ìbéèrè tí mo béèrè ló dùn yín, mo tọrọ àforíjì. Ẹ sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ì báà jẹ́ èébú.

Kadidja

*

Bingerville
Ogúnjọ́, oṣù kẹfà, 2024

Ẹ̀gbọ́n mi Kadidja,

Ẹ kú ọdún Iléyá. Bàbá ò mọ̀ pé mò ń kọ èyí. Wọ́n pa àgbò, wọn ò fẹnu kàn án, ìyẹn ló jẹ́ kí n ní n ò lè dákẹ́ mọ́.

Ọjọ́ Sunday kan tí Bàbá lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Adjamé ni Karim ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe. Ó pá a, ó kùn ún, ó dán lóòótọ́. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ojú Bàbá ti ń ṣú, nírọ̀lẹ́ lójoojúmọ́ wọ́n máa ń ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì yẹn, wọ́n á máa fọwọ́ pa abẹ́ ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èmi rò pé àdúrà ni. Wọ́n dé, wọ́n ṣí i, wọ́n na ọwọ́, ọwọ́ yọ̀ bọ̀rọ́. Wọ́n ní, "Karim, kí lo fi nu ọkọ̀ mi?" Karim ní ẹ̀gbọ́n òun ló ní kóun pa tírà rẹ́. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú ọ́ìlì níbẹ̀, tòun ti agbádá.

Ẹ̀gbọ́n mi, tírà kọ́ ni. Yorùbá ni. Ilé-kéwú nìkan ni wọ́n fi Bàbá sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò kọ́ ABD rí, lẹ́tà kéwú ni wọ́n fi ń kọ Yorùbá wọn. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára ọkọ̀ yẹn láti ọjọ́ Bandama, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ìlú tí wọ́n ti ṣe é, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ẹ̀rí tí àwọn ará Plateau ń béèrè ni ẹ ní kí wọ́n kùn.

Mi ò bá yín wí o. Láti kékeré lèmi náà ti ń rí i, tírà ni mo pè é. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè nínú gbogbo wa. Ẹ kọ̀wé sí wọn.

Àbúrò yín,
Tawakalitou

*

Montbéliard
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo forí kanlẹ̀. Mo ti gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ojú ń tì mí. Àádọ́ta ọdún lẹ fi kọ ìwé, èmi tí ẹ rán nílé-ìwé ni mo ní kí wọ́n fi yanrìn pá a. Ẹ̀rín àwọn ará Plateau ni mò ń sá fún, ẹkún yín ni mo bá pàdé. Ẹ má bínú sí Karim, iṣẹ́ ni mo rán an. Èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí.

Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó máa sunkún. Mi ò tún ní sọ ọ́ mọ́ pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ. Mo ti pe àwọn ti Plateau, Msiyé Moussa tó ń bójú tó ìwé wọn ní títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá, ẹ̀rí tí ojú bá rí, òun á gbà á. Ẹ bá mi wá a, Bàbá. Gbogbo ohun tí ẹ bá rántí nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ sọ ọ́ fún Tawa, kó kọ ọ́. Kò sí ìlà tó kéré jù. Orúkọ yín á wà lára ilẹ̀kùn yẹn, tàbí kí n má pe ara mi lọ́mọ yín mọ́.

Kadidja

*

Treichville
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, 2024

Kadidja,

Mo pẹ́ kí n tó dá ọ lóhùn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mo fẹ́ kó dùn ọ́ díẹ̀. Ṣé ó ti dùn ọ́? Ó dáa, ó tó.

Ọ̀dà kọ́ ló dùn mí jù. Ọ̀rọ̀ tí o sọ pé ọpọlọ mi ti pa ọkọ̀ méjì pọ̀ ni. Bí Karim bá ń sùn, tó hanrun, tó jẹ́ pé ogún èèyàn ló ń hanrun nínú yàrá, mo lè na ìka sí tiẹ̀. Ṣé ẹ́ńjìnnì tí mo fọwọ́ tò ni mi ò ní mọ̀? Perrenot sọ fún ọmọ ẹ̀ pé òun tà á. Ó lè jẹ́ pé ojú tì í láti sọ pé òun fi ta mẹkáníìkì lọ́rẹ. Ó ti kú, mi ò bá a jà.

Tawa ti kọ ìlà mọ́kàndínlógójì tí mo rántí sílẹ̀. Ó ku díẹ̀ tí mi ò rí mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo kọ lónìí, ta ló máa gbà á? Wọ́n á ní àná ni mo sọ ọ́. Mo jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mò ń rò ó. Ìgbà tí mo dé ìlà Toumodi ni mo kígbe tí ìyá rẹ fi da omi ọbẹ̀ nù.

Òfin kan wà tí ọ̀gá mi Mìkáílù ṣe fún gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. Ohunkóhun tí o bá fọwọ́ ara rẹ gé, tí o fi sínú ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́ńjìnnì, tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́, kọ orúkọ rẹ sí i. Ó ní ẹni tó bá tú u lẹ́yìn rẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa kí tàbí ẹni tó máa ṣépè fún. Ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ sí iṣẹ́ ẹ̀, kó má ṣe é.

Ní Toumodi, jíà kejì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Perrenot á tì í wọlé, á fò jáde. A tú àpótí jíà sílẹ̀ lábẹ́ igi kan nídìí ọjà, oòrùn ọ̀sán lórí wa. Wáṣà tó wà láàárín ti jẹ tán, a ò sì ní òmíràn. Obìnrin kan ń ta mílíìkì agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ra ọ̀kan, mo dà á sí ẹnu, mo fi sísọ́ọ̀sì gé agolo yẹn rógódó, mo fi ìṣó ha orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ tí kò sóhun tó ń ha á, mo fi sí i. Ó gbà. Adùn mílíìkì ò kúrò lẹ́nu mi títí a fi dé Bouaké.

Mi ò tú àpótí jíà yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò bàjẹ́, kí ni mo fẹ́ tú u fún? Nítorí náà, inú ibẹ̀ ni orúkọ mi wà. Karim ń bẹ̀rù. Ó ní, "Vieux père, tá a bá tú u tí kò sí níbẹ̀ ńkọ́?" Bí kò bá sí níbẹ̀, òpùrọ́ ni mí lójú ọmọ Perrenot, lójú Plateau, àti lójú rẹ. Kí wọ́n tú u. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Perrenot wá fojú ara ẹ̀ rí i, kó má wá di pé a lọ fi tuntun síbẹ̀.

Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá bàbá ẹ̀ kọ nǹkan kan nípa Toumodi. Má sọ ohun tí ò ń wá fún un o. Jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ kà á.

Bàbá rẹ,
Àrìmíyàù

(Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti jẹun. Àwo méjì. — Tawa)

*

Montbéliard
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi,

Ẹ jókòó kí Tawa tó ka èyí fún yín.

Mo dé ọ̀dọ̀ Christophe, mo di egbò ẹ̀ tán, ó ti ń jinná. Mo ní, "Msiyé, ṣé bàbá yín ní ìwé tó ń kọ nǹkan sí lójú ọ̀nà?" Ó ní àpótí kan wà lókè àjà tí òun ò ṣí láti ọjọ́ ìsìnkú. A gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìwé kékeré kan wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ ọn. Mo ní kó bá mi ka Toumodi. Ó wọ gíláàsì, ó kà á. Ohun tí wọ́n kọ rèé, mo yí i sí Yorùbá: "Toumodi. Jíà kejì ń bọ́. Mẹkáníìkì gé agolo wàrà, ó fi ṣe wáṣà. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. A gbéra."

Mẹkáníìkì. Kò kọ orúkọ, Bàbá. Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já ìwé náà gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá fa lẹ́tà yín yọ, mo ka ti agolo fún un ní Faransé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó wo fọ́tò ara ògiri, ó wo ẹsẹ̀ yẹn. Ó ní òun ń bọ̀ ní Abidjan. Ó ní bí agolo bá wà níbẹ̀, òun fúnra òun lòun máa di búrọ́ọ̀ṣì mú, òun á kọ orúkọ tí bàbá òun ò kọ. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ni ọkọ̀ òfuurufú ẹ̀ máa balẹ̀.

Èmi ò ní lè wá nígbà yẹn, wọn ò fún mi láyè níbi iṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Àádọ́ta ọdún pẹ́ nínú ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n mo gbà yín gbọ́. Ìbá ti dáa kí n ti sọ ìyẹn ní oṣù kẹrin.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi bẹ̀ yín. Ẹ má fi ojú yẹn wakọ̀ lọ sí Yamoussoukro. Ẹ jẹ́ kí Karim wà á.

Kadidja yín

*

Treichville
Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá, 2024

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Ara wa le. Ẹ̀yìn ìyá rẹ ti fúyẹ́, ó ní òróró yẹn dáa, kí o fi méjì sí i.

Ọmọ Perrenot dé. Ó ga bíi bàbá ẹ̀, ó ń tiro. Ìyá rẹ fún un lómi, ó fún un ní àga tó dáa, èmi jókòó sórí táyà. Moussa ti wá láti Plateau, ó wọ bàtà tó ń dán, ó ń wá ibi tí kò sí ọ́ìlì tó máa dúró sí nínú àgbàlá mi. Kò rí i.

Karim wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń tú bóòtù kọ̀ọ̀kan, mo ń kà á. Ó gbé àpótí jíà jáde, ó ṣí i, ó tan iná sí i. Ó pẹ́. Ó ní, "Vieux père, mi ò rí nǹkan kan." Moussa ti ń pa ìwé ẹ̀ dé, mo gbọ́ ọ. Mo ní, "Ẹ gbé e wá síwájú mi. Ojú ò ríran ni, ọwọ́ mi ò fọ́." Mo ki ọwọ́ bọ inú ọ́ìlì dúdú yẹn. Mo kan jíà àkọ́kọ́. Mo kan èkejì. Mo fi èékánná wá ẹ̀yìn ẹ̀, nǹkan pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ irin típẹ́típẹ́. Mo yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo fi kẹrosíìnì nù ún lára ṣòkòtò mi, mo na án sí Tawa.

Tawa ti ń gba ẹ̀kọ́ kéwú lọ́dọ̀ mi láti ọjọ́ ọ̀dà yẹn, ó ní ẹlòmíràn ò tún ní pe ìwé òun ní tírà. Ó gbé e sí oòrùn. Ó kà á sókè ketekete níwájú gbogbo wọn: "Àrìmíyàù." Ọmọ Perrenot gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kò mọ̀ ọ́n kà, ó sáà ń fi àtàǹpàkò pa á. Ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ. Karim ni kò sunkún. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ padà, ó lóun ń wá bóòtù kan tó sọ nù. A dúró dè é títí, kò sí bóòtù kankan tó sọ nù.

Moussa kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà 31, iwájú la máa wà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Ọmọ Perrenot ti kun orúkọ mi bó ṣe ṣèlérí. Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà Faransé, Tawa kọ ọ́ ní lẹ́tà kéwú sísàlẹ̀ ẹ̀. Mo fọwọ́ pa á nígbà tó gbẹ. Àyè ṣì pọ̀ níbẹ̀. Mo ní kó kọ KARIM sí i. Karim ní kí lòun ṣe, òun tóun kun ìwé mi. Mo ní ẹni tó ń ru sípánà tẹ̀ lé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wà láìlórúkọ, àgàgà nínú ilé tèmi.

O ní kí n jẹ́ kí Karim wà á. Rárá. Karim ń tẹ̀ lé wa pẹ̀lú táyà àti sípánà. O ti ń wakọ̀ káàkiri ilé àwọn aláìsàn láti ọdún wo? Gba àyè níbi iṣẹ́ fún oṣù Kejìlá, kí o wá di sítíárìn mú. Èmi á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, màá máa sọ ọ̀nà fún ọ. Ọ̀nà àtijọ́ yẹn, mi ò nílò ojú fún un. Orúkọ rẹ ti wà lára ilẹ̀kùn náà, ọ̀dà ẹ̀ ò tíì gbẹ dáadáa, má jẹ́ kí n ní kí wọ́n fi yanrìn pá a.

Bí a bá dé Toumodi, kí o dúró nídìí ọjà. Wáṣà mi ti wọ inú àpótí jíà padà, ó gbó, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o ra mílíìkì agolo kan, kí o mu ún tán, kí o sì fọ agolo ẹ̀ mọ́, kí o gbé e sínú ọkọ̀. Ìṣó tí a fi ń ha orúkọ wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá rẹ,
Àrìmíyàù